Ọjà Tí À Ń Ná Ni Kó Bá Wa Yan Píílà

Ohun èlò kékeré kan ti ń wọ ilé ìdáná àwọn èèyàn wa báyìí, ní Èkó, ní Ìbàdàn, títí kan àwọn ọmọ wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó sọ kárọ́ọ̀tì, kùkúńbà àti irú wọn di fọ́nrán gígùn bíi sìpàgẹ́tì, tí èèyàn á wá bu ọbẹ̀ lé lórí, tí á sì jẹ ẹ́ bí oúnjẹ. Oríṣi méjì tí a ń fọwọ́ mú ló pọ̀ lórí àtẹ. Ọ̀kan rí bí ìlù gángan: ẹnu rẹ̀ méjèèjì fẹ̀, ìbàdí rẹ̀ fún, abẹ sì wà nínú ẹnu kọ̀ọ̀kan. Èèyàn á ti ẹ̀fọ́ bọ ẹnu yẹn, á máa yí i bí ọmọ iléèwé ṣe ń yí pẹ́ńsùlù nínú ṣápínà, fọ́nrán á sì máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkejì rí bíi píílà tí a fi ń bẹ ànàmọ́, àmọ́ abẹ rẹ̀ léyín wẹ́wẹ́ bí ìyàrun. A kàn ń fà á lára ẹ̀fọ́ láti òkè sí ìsàlẹ̀ ni, ibi tí eyín bá sì gbà ni fọ́nrán ti ń já bọ́. Oní-gángan ni ìpolówó pọ̀ fún, òun náà ni ọ̀pọ̀ ń rà. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá ń ná Bódìjà, Mile 12 tàbí Ọjà Ọba kò nílò rẹ̀. Píílà eléyín ni kó rà, nítorí ẹ̀fọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe oní-gángan kò wọ́pọ̀ lórí àtẹ àwọn ìyá tó ń tajà fún wa.

Irú ohun èlò báyìí kì í ṣàdédé wà, ẹ̀fọ́ kan ló máa ń bí i. Ní Bavaria lórílẹ̀-èdè Jámánì, ráàdíìṣì funfun gígùn tí wọ́n ń pè ní Radi ni wọ́n fi ń panu tí wọ́n bá ń mu bíà. Wọ́n ní irin kan tó lábẹ, tí wọ́n ń kì bọ orí ráàdíìṣì náà, tí wọ́n á máa yí títí tí gbogbo rẹ̀ á fi di ẹyọ kan ṣoṣo tó ń fà bíi sípíríǹgì, kí wọ́n tó wọ́n iyọ̀ sí i. Ní Japan, ráàdíìṣì ńlá tí wọ́n ń pè ní daikon ni wọ́n ń rẹ́ sí fọ́nrán tín-ín-rín, tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ẹja tútù. Ọ̀bẹ lásán ni àwọn àgbà alásè wọn ń lò: wọ́n á kọ́kọ́ bẹ daikon náà yípo yípo títí tí á fi di abala fẹ́lẹ́ bí ìwé, wọ́n á wá ká a, wọ́n á sì rẹ́ ẹ. Ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó, courgette, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ sí zucchini, ni ọ̀rọ̀ wá dá lé. Ali Maffucci, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa fọ́nrán ẹ̀fọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2013, ó sì tẹ ìwé tó pè ní Inspiralized jáde ní 2015. Àárín ìgbà yẹn ni àṣà náà gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹbí elégédé ni courgette. Wọ́n ń já a nígbà tó ṣì kéré, ó tọ́ gbọnrangandan, ó rọ̀, kò ní ihò nínú, ó sì nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé. Ẹni tó bá wo ẹnu oní-gángan á rí i pé irú ara bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹnu ọ̀hún là sílẹ̀ dè.

Ẹ wá wo kárọ́ọ̀tì tiwa. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń ti Òkè Ọya wá, láti agbègbè Jos, Kàdúná àti Kano, inú ọkọ̀ akẹ́rù ló sì ń bá dé ọ̀dọ̀ wa. Tí èèyàn bá ká ẹyọ mẹ́wàá kúrò lórí àtẹ, mélòó níbẹ̀ ló máa nípọn ju àtàǹpàkò àgbà lọ? Òmíràn tẹ̀ bí ìwọ̀, òmíràn yà sí méjì nísàlẹ̀. Ẹnu oní-gángan sábà máa ń gba ohun tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5. Tí a bá ki kárọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 bọ inú rẹ̀, ńṣe ni á máa yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, abẹ á bù ú lápá kan, á fo apá kejì, ohun tó sì máa jáde kì í ṣe fọ́nrán rárá, èérún kéékèèké tó tẹ̀ kọrọdọ bí èékánná tí a gé dà nù ni. Ọ̀rọ̀ ìdí kárọ́ọ̀tì tó máa ń ṣẹ́ kù tún wà níbẹ̀. Bí pẹ́ńsùlù tí a gbẹ́ kì í ṣeé gbẹ́ tán, bẹ́ẹ̀ náà ni oní-gángan máa ń ṣẹ́ kùkùté ẹlẹ́nu ṣóńṣó kù tí ìka kò lè tì wọlé mọ́. Lára courgette tó gùn, kùkùté yẹn kò tó nǹkan. Lára kárọ́ọ̀tì kúkúrú tí a fowó gidi rà, ó lè tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Píílà eléyín kò bá ẹ̀fọ́ ṣe àdéhùn pé kó nípọn tàbí kó tọ́. A tẹ́ kárọ́ọ̀tì sórí pákó, a fa píílà láti orí dé ìrù, fọ́nrán tó gùn tó kárọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ló ń já bọ́, ìbáà tọ́, ìbáà tẹ̀.

Ìbẹ́pẹ ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ mi. Ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, tí èèpo rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí inú rẹ̀ ṣì funfun, le bíi kárọ́ọ̀tì, kò dùn, kò korò, ohunkóhun tí a bá sì dà sí i ló ń fà mọ́ra. Àwọn ará Thailand ti fi í ṣe oúnjẹ tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n mọ́. Som tam ni wọ́n ń pè é: fọ́nrán ìbẹ́pẹ tútù tí wọ́n gún fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ nínú odó pẹ̀lú ata, ọsàn wẹ́wẹ́, omi ẹja àti ẹ̀pà. Kí ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ? Àwọn kan ń fi ọ̀bẹ sá a lára léraléra kí wọ́n tó bẹ ojú rẹ̀ kúrò. Àwọn yòókù ń lo píílà eléyín, irú èyí tí mò ń sọ yìí gan-an, orílẹ̀-èdè wọn sì ń ṣe é tà fún gbogbo àgbáyé. Wọn kò lo oní-gángan, kò sì lè ṣeé lò, nítorí ìbẹ́pẹ tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé ilé ní Ìjẹ̀bú àti Èkìtì náà ló wà ní Bangkok. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń kórè rẹ̀ jù láyé. Àwọn ìyá wa níbòmíràn ti ń rin èyí tí kò pọ́n sínú ọbẹ̀ tipẹ́ bí ẹ̀gúsí bá wọ́n, nítorí náà kì í ṣe oúnjẹ àjèjì ni mò ń pè wá sí. Ohun tó kù ni ká rẹ́ ẹ sí fọ́nrán dípò ká rin ín.

Oje rẹ̀ ni kí a ṣọ́ra fún. Kí a tó bẹ ìbẹ́pẹ tútù, ká fi ọ̀bẹ fa ilà sí i lára níbi mẹ́rin márùn-ún, ká dorí rẹ̀ kodò kí oje funfun náà ro, ká wá fi omi fọ̀ ọ́. Oje yẹn máa ń yún ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sì yẹ kí ẹni tí rọ́bà ìbọ̀wọ́ máa ń dà lára láàmú jìnnà sí i. Aláboyún náà kò gbọdọ̀ jẹ ìbẹ́pẹ tútù. Ìkìlọ̀ àwọn àgbà lórí èyí kì í ṣe èèwọ̀ lásán, nítorí àwọn onímọ̀ tó dán oje náà wò lára eku rí i pé ó ń mú kí ilé ọmọ súnkì. Lẹ́yìn tí oje bá ti ro, ká bẹ ìbẹ́pẹ náà, ká là á sí méjì, ká fi ṣíbí ha irúgbìn funfun inú rẹ̀ kúrò, ká wá dojú rẹ̀ dé pákó, kó má máa yí kiri, ká sì máa fa píílà lé e lẹ́yìn. Tí a bá ti rẹ́ ẹ tán, kí a bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta péré. Èyí tó bá pẹ́ lórí iná jù á wó.

Mo gbà pé kùkúńbà yàtọ̀. Ó nípọn, ó tọ́, oní-gángan sì ń rẹ́ ẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ omi, àárín rẹ̀ níbi tí irúgbìn wà ló sì lómi jù. Oní-gángan kò mọ àárín yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń yí pọ̀. Píílà ń jẹ́ kí ọwọ́ dúró: a fà á lẹ́ẹ̀mẹrin lápá kan, a yí kùkúńbà padà, a tún fà á, bí a bá sì ti rí irúgbìn, a fi àárín yẹn sílẹ̀, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa tó wà nílùú òyìnbó tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń rí courgette rà lẹ́dìnwó láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹsàn-án, kò ṣe àṣìṣe bó bá ra oní-gángan. Ọjà tó ń ná ló yan ohun èlò fún un, ohun tí mo sì ń wí fún ará ilé náà nìyẹn.

Wọ́n á ní, ṣé ọ̀bẹ àti gírétà kò tó ni? Èdè wa fúnra rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. À ń rin ewùrà, à ń rẹ́ ilá, à ń bẹ iṣu, à ń la obì, kò sì sẹ́ni tó ń fi ọ̀kan pe èkejì. Ìrin ń fọ́ ohun tí a ń rin yánná, omi rẹ̀ á sì tú jáde. Ohun tí a fẹ́ nìyẹn nígbà tí a bá ń ṣe ìkọ́kọrẹ́ tàbí ọ̀jọ̀jọ̀, tó jẹ́ pé kí ewùrà lè di mọ́ra la ṣe ń rin ín. Bí a bá rin kárọ́ọ̀tì tí a fẹ́ jẹ bíi sìpàgẹ́tì, ẹ̀rún olómi ni a ó bá nínú abọ́. Ní ti ọ̀bẹ, ọwọ́ tó bá já fáfá lè fi í rẹ́ fọ́nrán, àwọn alásè Japan ti jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ọdún ni irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà kó tó mọ́, ọ̀pọ̀ wa kò sì ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ láàárín ìgbà tí a ti ibi iṣẹ́ dé àti ìgbà tí ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ. Tí fọ́nrán kò bá dọ́gba, tín-ín-rín ti rọ̀ kí nínípọn tó gbọ́ iná. Dídọ́gba yẹn gan-an ni eyín píílà ń ṣe fún wa, owó rẹ̀ sì kéré sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé ó kúkú sàn kí èèyàn ra ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná. Fún ẹni tó ń gbọ́ oúnjẹ òde, tó fẹ́ rẹ́ kárọ́ọ̀tì àpò kan, mi ò ní jiyàn. Ilé tí èèyàn mẹ́rin márùn-ún wà kò nílò rẹ̀. Iná kì í dúró, ẹ̀rọ náà gba àyè lórí tábìlì, fífọ̀ rẹ̀ sì máa ń gba àkókò ju iṣẹ́ tó ṣe lọ. Kárọ́ọ̀tì mẹ́fà kò ju ohun tí ọwọ́ méjì lè ṣe parí kí omi tó hó.

Bí èèyàn bá wá fẹ́ ra píílà eléyín, eyín ni kó kọ́kọ́ wò. Kó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kó wò ó láti ẹ̀gbẹ́: gbogbo eyín gbọ́dọ̀ ga dọ́gba, kí ọ̀kankan má tẹ̀, kí ọ̀kankan má sì kù. Àlàfo tó wà láàárín eyín kan sí èkejì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Èyí tí àlàfo rẹ̀ kò ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ dára fún sàláàdì tútù, àmọ́ bí ọbẹ̀ gbígbóná bá kàn án, á di jọ̀kọ̀tọ̀. Èyí tó sún mọ́ mìlímítà 3 ló ń ru ọbẹ̀. Irin tí kì í dípẹtà ni kó jẹ́, kí abẹ rẹ̀ má sì mì tìtì nínú ihò tí wọ́n dè é mọ́. Ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ tún ń kọ́? Èyí tó ń dán, tó ń yọ̀, ewu ni, nítorí omi ẹ̀fọ́ á dé ọwọ́ dandan. Píílà tó là sí méjì bí igi rọ́bà tí ọmọdé fi ń ta ẹyẹ ni mo fara mọ́ jù, nítorí ọwọ́ ọ̀tún lè lò ó, ọlọ́wọ́ òsì náà kò ní wá tirẹ̀ tì, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn olóòró gbọọrọ ni wọ́n pọ́n fún ọwọ́ ọ̀tún nìkan.

Àtakò tó wúwo jù ni pé píílà eléyín ń ya ọwọ́. Òótọ́ ni, oní-gángan sì sàn jù ú lọ níbi kan, nítorí abẹ rẹ̀ fara pamọ́ sínú, ó sì sábà máa ń ní ọmọrí ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń ti kùkùté. Ẹni tó bá gbé kárọ́ọ̀tì dání lófuurufú, tó wá ń fa eyín irin bọ̀ síhà ara rẹ̀, á ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ohun tó máa dáàbò bò wá kò ṣòro. Kí kárọ́ọ̀tì sùn sórí pákó, kí a fi fọ́ọ̀kì gún un nídìí, kí ọwọ́ kan di fọ́ọ̀kì yẹn mú, kí ọwọ́ kejì máa fa píílà kúrò lọ́dọ̀ wa. Bí ó bá ku ìwọ̀nba tó fẹ̀ bí ìka ọmọdé, kí a jáwọ́, kí a rẹ́ ìyókù sínú ọbẹ̀ tàbí ìrẹsì. Kí a fọ píílà náà lójú ẹsẹ̀, nítorí kárọ́ọ̀tì tó bá gbẹ mọ́ àárín eyín máa ń le bí ìpẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ló dára jù fún un, láti ẹ̀yìn abẹ bọ̀ síwájú. Ẹ má sì jù ú sínú ọpọ́n tó kún fún omi ọṣẹ, níbi tí ẹlòmíràn á ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlera ni àwọn tó ń ta nǹkan wọ̀nyí ti ń ki àṣejù bọ̀ ọ́, ó sì ń dùn mí, nítorí àwọn alátọ̀gbẹ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ jù. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Gíráàmù 100 sìpàgẹ́tì tí a ti sè ní nǹkan bíi kálórì 158, tí nǹkan bíi gíráàmù 31 nínú rẹ̀ sì jẹ́ èròjà tó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n kan náà courgette tútù ní nǹkan bíi kálórì 17 àti gíráàmù 3 èròjà yẹn. Kárọ́ọ̀tì tútù ní nǹkan bíi kálórì 41 àti gíráàmù 10. Ìyàtọ̀ náà pọ̀, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ló ni iyì yẹn, kì í ṣe abẹ. Bí a bá fi píílà yẹn rẹ́ ànàmọ́, tó ní nǹkan bíi gíráàmù 20, ànàmọ́ náà ni a ṣì ń jẹ, bó ti wù kí fọ́nrán rẹ̀ gùn tó. Ẹni tó ń lo abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, tó wá ṣàdédé fi fọ́nrán kárọ́ọ̀tì rọ́pò gbogbo ẹ̀bà rẹ̀, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí òòyì á fi kọ́ ọ. Kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀ kéré sí ti ìpolówó: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà máa jẹ ó kéré tán gíráàmù 400 èso àti ẹ̀fọ́ lójúmọ́, ohun èlò tó bá sì mú kí kárọ́ọ̀tì méjì kún abọ́ ń ràn wá lọ́wọ́ láti débẹ̀. Kí epo díẹ̀ sì wà níbẹ̀, nítorí èròjà inú kárọ́ọ̀tì tó ń di fítámì A nínú ara kì í wọlé dáadáa láìsí ọ̀rá.

"Kì í yó èèyàn." Èyí ni àwọn ọkùnrin ilé máa ń sọ, wọn kò sì parọ́. Abọ́ fọ́nrán ìbẹ́pẹ lásán kò lè gbé ẹni tó ń ru sìmẹ́ńtì dé alẹ́. Mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó dá wà. Tí a bá da ìdajì sìpàgẹ́tì mọ́ ìdajì fọ́nrán kárọ́ọ̀tì, tí a fi kún un ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn lórí iná, ìyẹ̀fun á dín kù, ikùn kò sì ní pariwo. Fọ́nrán ìbẹ́pẹ tí a bọ̀ fẹ́rẹ́, tí a sẹ́ omi rẹ̀ dáadáa, tí a wá bu ata díndín onírú lé lórí pẹ̀lú pánlá àti ẹyin sísè, oúnjẹ gidi ni. Àwọn ará wa Ìgbò ti ń jẹ fọ́nrán tipẹ́: àbàchà tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tí wọ́n ń po mọ́ epo pupa àti ugba, kò sẹ́ni tó ń pè é ní oúnjẹ òyìnbó. Indomie pàápàá, tó dé Nàìjíríà ní 1988, tí ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta ń dárúkọ rẹ̀ báyìí, ti fi hàn pé ẹnu wa kò kọ ohun tó gùn tó sì ń yọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń kó ọjà wọ̀nyí wọlé láti Ṣáínà ni mo ń bá wí. Fídíò tí ẹ fi ń polówó lórí fóònù, courgette ló kún inú rẹ̀, ìyá tó ń wò ó ní Ṣàgámù kò sì ní rí courgette rà lọ́la. Ẹ gbé kárọ́ọ̀tì tín-ín-rín ti Òkè Ọya síbẹ̀, èyí tó tẹ̀ gan-an. Ẹ gbé ìbẹ́pẹ tútù síbẹ̀, kí ẹ jẹ́ ká rí bí ẹ ṣe ro oje rẹ̀. Ẹ fi oní-gángan rẹ́ ẹ lójú gbogbo wa, kí ẹ tún fi píílà eléyín rẹ́ ẹ, kí ẹni tó fẹ́ náwó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń rà.